Bàbá Kẹ́mísì àti Kọ̀ǹpútà Tí Mo Pa Lẹ́nu Mọ́

Bàbá mi àgbà kì í kí èèyàn tán kí wọ́n tó béèrè ohun tí ara onítọ̀hún kì í gbà. Ẹ wọlé, ẹ ní "Àsàlámù àléékùn," wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì fà á mọ́ ọn pé, "Ara ńkọ́? Oògùn wo ni ara yín kì í gbà?" Ẹlòmíì ò wá ra oògùn rárá, ọ̀nà ilé lèmọ́mù ló fẹ́ béèrè. Wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ ti ara ẹ̀ kí wọ́n tó júwe ọ̀nà fún un. Ọjọ́ tí a lọ tọrọ ìyàwó mi, wọ́n bi bàbá ìyàwó mi léèrè níwájú gbogbo ẹbí. Ọkùnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ara tèmi ò gba àna tí ò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́." Bàbá mi àgbà ronú sí i bí ẹni tó ń wá oògùn lórí pẹpẹ. Wọ́n ní, "Ìyẹn ò ní oògùn."

Gbogbo àdúgbò wa, Gàmbàrí, ló mọ̀ wọ́n sí Bàbá Kẹ́mísì. Ilé oògùn ọsibítù ìjọba ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn sẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Èmi ni Sọ̀líù, ọmọ ọmọ wọn. Mò ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Post Office. Mo lọ pólì fún ọdún kan àti ààbọ̀. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé èmi ni mo fi pólì sílẹ̀. Pólì náà ní bó ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ẹni tó kàwé ló yẹ kó kọ ọ́, ẹ bá mi fojú fo ibi tó bá ti wọ́. Ṣùgbọ́n níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n kú, gbogbo ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ ló ń sọ pé àṣìṣe kan ṣoṣo ni Bàbá Kẹ́mísì ṣe láyé wọn. Mo jókòó sórí ẹní, mò ń gbọ́. Àṣìṣe náà, èmi ni mo ni ín.

Ìjà tí wọ́n jà pọ̀, àmọ́ ìjà kan náà ni gbogbo ẹ̀. Alhaji olówó kan rán dírẹ́fà ẹ̀ sí wọn, ó kọ orúkọ oògùn sínú bébà.

Bàbá ní, "Ta ló ń ṣàìsàn?"

Dírẹ́fà ní, "Bàbá, èmi ò mọ̀ o. Wọ́n ní kí n wá gbà á ni."

"Lọ gbé ẹni náà wá."

Alhaji fúnra ẹ̀ ló wá, tó ń fun fèrè mọ́tò láti ìkóríta. Ó ní, "Bàbá, ẹ dá dírẹ́fà mi padà?"

"Mo dá a padà."

"Ṣé oògùn yín kì í ṣe títà ni?"

"Títà ni. Àmọ́ mi ò kì í tà á fún mọ́tò."

Ìyá àgbà, ìyàwó wọn, máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra, pé oníbàárà ń sá. Bàbá á ní, "Kí wọ́n sá, kí wọ́n ṣáà wà láàyè nílé wọn."

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ, Ìyá àgbà ló sì sọ ọ́, kì í ṣe Bàbá fúnra wọn. Nígbà tí Bàbá ṣì wà lọ́dọ̀ọ́ ní ọsibítù, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Kó tó dẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìyá ẹ̀, ó ti ṣubú, kò dìde mọ́. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n mú oògùn náà jáde fún ẹni tó gún un. Mo gbìyànjú láti bi wọ́n nípa ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ń ṣe àlùwàlá, bùtá wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n da omi sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, wọ́n da sí tòsì, wọ́n gbé bùtá kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá ẹ̀ wà níbẹ̀. A ò bi í."

Inú ìwé ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ ohun tí ara kálukú kì í gbà sí. Ikán jẹ ẹ́. Kọ́pà kan tó ń gbé ní yàrá iwájú ilé wa, tó ń sìnrú ìlú, ló wá bá wọn ṣe ètò kan sórí kọ̀ǹpútà. Ojú dúdú, lẹ́tà funfun, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ oníbàárà, ẹ tẹ orúkọ oògùn. Bí ara ẹni náà bá lè gbà á, ẹ̀rọ á dákẹ́. Bí kò bá lè gbà á, ìlà ibẹ̀ á pọ́n, ẹ̀rọ á sì dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta: píì, píì, píì. Kọ́pà kó ẹrù ẹ̀ lọ lẹ́yìn ọdún kan, a ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Ètò ẹ̀ lò ju ogún ọdún lọ nílé wa.

Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ohùn yẹn ju oògùn lọ. Bí Bàbá bá ti ń tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á panu mọ́, wọ́n á dúró dè é. Alhaja Ráfátù, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kéwú ní agboolé kejì sí tiwa, ló gbádùn ẹ̀ jù. Ara tiwọn kì í gba súfà, èròjà kan tó máa ń wà nínú àwọn oògùn kan. Bó bá ti dún fún wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Málàíkà yín ti fọhùn, Bàbá." Bàbá ò fẹ́ irú àwàdà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní, "Kì í ṣe málàíkà, Alhaja. Kọ́pà ló ṣe é."

Mo ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn pààrọ̀ kọ̀ǹpútà náà. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yìí ti dàgbà jù." Wọ́n ní, "Ó kéré sí ẹ, ó sì ní iṣẹ́ jù ọ́ lọ." Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Wọn ò mọ̀ pé mò ń bínú, torí pé lásìkò yẹn wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwà tuntun kan. Bí èèyàn bá wọlé tí kò fọhùn, wọn ò ní dá a lóhùn. Wọ́n á wo ọ̀gangan ibi tó dúró sí, wọ́n á máa wò ó. Mo rò pé ìgbéraga àgbà ni. Mo tiẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìyàwó mi. Wọ́n á ní, "Ẹni tó bá wọlé, kó sọ̀rọ̀ kí n mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ kan ni àwọn oníná mú iná wá lódì. Iná náà dé pẹ̀lú agbára, gílóòbù mẹ́ta fọ́ nílé, kọ̀ǹpútà Bàbá yọ èéfín. Mo sáré láti Post Office. Inú ẹ̀ ti jóná, àmọ́ ibi tó ń tọ́jú nǹkan sí ṣì wà láàyè, mo sì yọ ọ́. Irú ẹ̀rọ yẹn ò sí lọ́jà mọ́, kódà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù. Mo ra láàbùtọ́ọ̀bù tòkunbọ̀ kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí Wíńdò tuntun ń darí ẹ̀, mo kó ètò Bàbá sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Láàbùtọ́ọ̀bù ní nǹkan tí mo gbé wá yìí ò lè ṣiṣẹ́ lórí òun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe yé èmi tí kò parí pólì. Ètò àtijọ́, ọ̀nà tó fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ yàtọ̀. Wíńdò tuntun ò gbọ́ èdè yẹn mọ́, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ. Ibì kan wà téèyàn ti lè sọ fún un pé kó máa ṣe bíi Wíńdò àtijọ́. Mo sọ fún un. Kò ṣe é. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í. Láwàlì, tó ń ta ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á yọjú.

"Ẹnjiníà, ṣé kò tíì jí?"

"Ó ń jí."

"Àná lo ti sọ pé ó ń jí."

"Ó ń jí díẹ̀díẹ̀ ni."

Ìgbẹ̀yìn ni mo wá rí ètò kékeré kan tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń kọ́ ayédèrú kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú ikùn tuntun. Mo gbé ètò Bàbá sínú ẹ̀, ó dìde. Ojú dúdú, lẹ́tà funfun, orúkọ gbogbo oníbàárà pé. Láwàlì pàápàá ṣí fìlà fún mi. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Láàbùtọ́ọ̀bù tuntun yára jù fún ètò náà, kò bá a mu, ohùn ẹ̀ sì dàrú. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ń dún mọ́. Gbogbo lẹ́tà tí mo bá tẹ̀ ló ń ké lé lórí, bí ológbò tí wọ́n tẹ ìrù ẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ń yíjú wò mí. Mo wọ ibi ètò náà, mo pa ohùn ẹ̀ pátá. Mo ní màá tún un ṣe lọ́la. Ìlà pupa ṣì ń jáde, mo ní ìyẹn tó.

Mo ní ike kan ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bí mo bá tú fóònù tí mo tò ó padà, tí nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù, tí fóònù náà sì tàn, inú ike yẹn ni mò ń sọ nọ́ọ̀tì náà sí. Mi ò ní sọ fún ẹni tó ni fóònù. Gbogbo wa tó ń ṣiṣẹ́ yìí la ní ike bẹ́ẹ̀. Tèmi ti kún.

Mo gbé láàbùtọ́ọ̀bù lọ fún Bàbá. Wọ́n fọwọ́ pa á lórí, wọ́n wá àwọn bọ́tìnnì ẹ̀ kiri, wọ́n bi mí pé, "Ṣé gbogbo ẹ̀ ló wá?"

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀, Bàbá."

Ó lé ní oṣù kan, kò sí ẹnikẹ́ni tí ẹ̀rọ ní ìdí láti dún fún. Lẹ́yìn náà ni ibà mú Alhaja Ráfátù. Oògùn ibà tí Bàbá fún wọn ní súfà nínú. Alhaja ò mọ̀, torí orúkọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Bàbá mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó lọ́jọ́ ayé wọn, àmọ́ wọ́n ti fi irú ìrántí yẹn sí ìkáwọ́ ẹ̀rọ látọjọ́ pípẹ́. Wọ́n tẹ orúkọ, wọ́n tẹ oògùn. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ọjọ́ kẹta, ara Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Ẹnu wọn bó. Ojú wọn wú, ó pa dé. Wọ́n pẹ́ ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n fi máa padà sílé, awọ ara ti hù, ṣùgbọ́n ojú ò padà wá.

Ọjọ́ tí Bàbá gbọ́ bó ṣe rí, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo bá wọn níwájú láàbùtọ́ọ̀bù, wọ́n gbé etí sún mọ́ ọn gan-an. Wọ́n tẹ orúkọ Alhaja. Wọ́n tẹ oògùn. Ìlà náà pọ́n, mo rí i láti ẹnu ọ̀nà. Bàbá ò rí i. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé wọn ò rí mi náà, pé ó ti tó ọdún méjì tí awọ funfun ti bo ojú wọn, etí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

"Sọ̀líù."

"Bàbá."

"Ohùn ẹ̀ dà?"

"Mo pa á ni, Bàbá. Ó ń ké jù. Mo ní màá tún un ṣe."

Wọn ò pariwo. Bí wọ́n bá gbá mi létí ni, bóyá mi ò ní máa kọ nǹkan yìí. Wọ́n fọwọ́ wá fìlà wọn lórí tábìlì, wọ́n dé e. Wọ́n ní, "Mú mi lọ ilé Alhaja."

Gbogbo ẹbí ló wà ní àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n Alhaja, Àlùfáà Búsàrí, ló gbẹnu sọ̀rọ̀.

"Bàbá Kẹ́mísì, ta ló ta oògùn náà?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀rọ yín tí gbogbo ayé ń yìn ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ kì í ta oògùn. Èmi ni mo tà á. Mi ò ríran mọ́, ó ti pẹ́, mo fi pa mọ́ fún gbogbo èèyàn, mo sì ń ta oògùn. Ọwọ́ mi ni."

Mo dúró lẹ́yìn wọn. Ẹnu mi wà lójú mi, ó pé, mo sì lè fi sọ̀rọ̀. Àlùfáà Búsàrí ṣí fìlà lórí Bàbá, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ náà ni pé mo bẹ̀rẹ̀, mo mú fìlà, mo gbọn erùpẹ̀ ara ẹ̀ dànù. Lọ́nà ilé, mo ní kí a padà, pé màá sọ fún wọn. Bàbá di apá mi mú, wọ́n ní, "Ìwọ ṣì máa jẹun nínú iṣẹ́ ẹ. Tèmi ti tó."

Mo gbà pẹ̀lú wọn kíákíá. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, pé mi ò tiẹ̀ jiyàn.

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n á ní kí n mú wọn lọ kí Alhaja. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn ará ilé ò gbà wọ́n wọlé, wọ́n á jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì títí ìrun Àláásàrí. Nígbà tó yá, wọ́n ń gbà wọ́n wọlé. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ, torí mo máa ń sọ pé mo ní iṣẹ́, màá padà wá mú wọn. Bàbá tó bí mi fẹ́ gbé Bàbá àgbà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Dókítà ní ojú náà á là, pé nǹkan kékeré ni. Wọ́n kọ̀. Ìyá àgbà sunkún, lèmọ́mù wá bá wọn sọ̀rọ̀, wọn ò yẹ̀. Wọ́n ní, "Alhaja ò ní iṣẹ́ abẹ tí wọ́n lè ṣe fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a jọ wà níbẹ̀."

Inú òkùnkùn yẹn ni wọ́n wà fún ọdún mẹ́ta, ibẹ̀ náà ni wọ́n kú sí. Ọjọ́ tí àìsàn ìkẹyìn mú wọn, nọ́ọ̀sì wá fẹ́ fún wọn ní oògùn. Ohùn wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ ò bi mí."

Alhaja Ráfátù wá síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Rúkáyà, ọmọ wọn, ló fà wọ́n lọ́wọ́. Alhaja ní kí wọ́n fún àwọn láyè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Mo ti dárí ji Bàbá Kẹ́mísì. Kí Ọlọ́hun náà forí jì wọ́n." Gbogbo ilé ní àmín. Èmi náà ní àmín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbé láàbùtọ́ọ̀bù náà jáde lábẹ́ ibùsùn Bàbá. Mo dín ìyára ayédèrú kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ kù kó lè bá ètò àtijọ́ mu, mo dá ohùn padà. Ìlà méjì péré ni mo yí. Omi tí ìyàwó mi gbé kaná ò tíì hó tí mo fi ṣe é tán. Iṣẹ́ tí mo ní màá ṣe lọ́la nìyẹn.

Mo gbé e lọ ilé Alhaja lẹ́yìn Àláásàrí. Wọ́n jókòó sórí ẹní, àwọn ọmọbìnrin méjì ń ké kéwú, Alhaja ń tún un ṣe fún wọn láti orí. Mo kí wọn. Wọ́n mọ ohùn mi, wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà máa lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé, gbogbo ẹ̀ sá. Mo ṣí láàbùtọ́ọ̀bù sórí ẹní. Mo tẹ orúkọ wọn. Mo tẹ oògùn náà.

Píì. Píì. Píì.

Alhaja gbé orí sókè. "Ẹ̀rọ Bàbá yín nìyẹn."

"Òun ni, Alhaja."

"Kò dún lọ́jọ́ yẹn."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

"Mo dúró dè é," wọ́n ní. "Bàbá tẹ̀ ẹ́ tán, àwa méjèèjì dákẹ́, à ń retí ẹ̀. Bàbá ní, 'Ara yín á gbà á, Alhaja.' Mo gbé oògùn lọ ilé. Látìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó pé bóyá ó dún, èmi ni mi ò gbọ́. Pé èmi ni mo ṣe ara mi."

"Kì í ṣe etí yín. Èmi ni mo pa ohùn ẹ̀. Kó tó délé Bàbá ni mo ti pa á. Wọ́n bi mí bóyá gbogbo ẹ̀ ló wá, mo ní gbogbo ẹ̀ ni."

"Bàbá mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní kí n má sọ."

Rúkáyà ti jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀, ó ń wò mí. Ìka Alhaja ń lọ lórí tẹ̀sùbáà, ó dúró, ó tún ń lọ.

"Bàbá ni mo dárí jì, Sọ̀líù. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ tìẹ."

"Mo gbọ́, Alhaja."

Mo nawọ́ láti pa láàbùtọ́ọ̀bù dé.

"Má pa á dé. Tún un tẹ̀."

Mo tún un tẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ń fi tẹ̀sùbáà kà á, ẹyọ kan fún ohùn kan.

"Tún un tẹ̀."

Oòrùn wọ̀ bá wa níbẹ̀. Mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́.